Ọmọ Frederick Tí Ó Yà Nínú Afẹ́fẹ́

Nínú eré àkọ́kọ́ tí Ayọ̀tọ̀míwá Ṣíjúadé gbá fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, irin tiwọn ni ó ju bọ́ọ̀lù sí. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, irin roboto tó wà lókè òpó ni wọ́n sì ń jù ú sí. Wọ́n ti sinmi, wọ́n sì ti pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ bí òfin eré náà ṣe wí, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò rántí. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó sáré, ó fò ju gbogbo ẹni tó wà nínú pápá lọ, ó sì rọra gbé e sínú irin tó yẹ kó máa ṣọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo pé, "Kì í ṣe ibẹ̀! Kì í ṣe ibẹ̀!" Ó rò pé wọ́n ń yin òun ni. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀ tó jókòó lórí bẹ́ńṣì lẹ́bàá ògiri, ó rẹ́rìn-ín. Rose, ìyá rẹ̀, pàtẹ́wọ́ fún un. Òun náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín irin kan àti èkejì.

Nígbà tí eré parí tí wọ́n sì ti pàdánù, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù wá bá a. Joel Fáṣadé ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin kúkúrú tí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà ń pè ní Kóòṣì.

"Ṣé ẹ̀yin ni ìyá ọmọ yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ọmọ yín pa wá lónìí, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rí i pé ó tún wá lọ́la."

"Ṣé ẹ fẹ́ nà án ni?"

"Kí n na kí ni? Mi ò rí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń fò báyìí rí. Ibi tó yẹ kó fò sí ló kù tí a ó fi hàn án."

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ Ìbẹfún ni Frederick, bàbá Ayọ̀tọ̀míwá, ṣùgbọ́n Mọ́lípà ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ó ń gbé, iṣẹ́ iná mànàmáná ni ó sì ń ṣe. Àìsàn tí kò pẹ́ rárá ni ó mú un lọ nígbà tí ọmọ náà ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Rose jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Odògbolú, kò ní òbí mọ́, àwọn ìyekan ọkọ rẹ̀ sì ti túká. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Frederick ni ó sin ín, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, tí àwa Ìjẹ̀bú fi ń to ara wa láti ìgbà ọ̀dọ́ títí di ọjọ́ ogbó. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi gbé pósí. Gìwá wọn, Olóyè Ifálọlá, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà, gbé ọmọ náà sí èjìká lẹ́bàá sàréè, ó ní, "Bàbá kan ló kú. Àwọn tó kù pọ̀." Láti ọjọ́ náà, kò sí ọdún Iléyá kan tí ẹran kì í ti ọwọ́ wọn wọ ilé Rose, bẹ́ẹ̀ onígbàgbọ́ ni Rose. Ó yẹ kí a sọ èyí kedere, nítorí ohun tí ń bọ̀ níwájú: ènìyàn rere ni wọ́n. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ṣe.

Rose tọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe tọ́ òun. Bí wọ́n bá dé ilé ẹlòmíràn tí wọ́n gbé oúnjẹ fún un, ojú ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò. Bí ìyá bá ṣẹ́jú, yóò jẹ ẹ́. Bí ìyá bá mi orí díẹ̀ báyìí, bó ti wù kí ebi máa pa á tó, ohun tí yóò sọ ni pé, "Mo ti yó, mà, ẹ ṣé." Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń jáwọ́ nínú irú èyí bí wọ́n bá ti ń bàlágà. Ayọ̀tọ̀míwá kò jáwọ́. Nígbà tó ga débi pé ó ní láti tẹ orí ba kó tó wọ ọ́fíìsì ìyá rẹ̀, Susannah tí òun àti Rose jọ ń jókòó sídìí tábìlì kan náà fún un ní kóòkì tútù lọ́jọ́ kan. Ọmọ náà di kóòkì mú, ó wo ìyá rẹ̀.

"Hà! Rose! Ọmọ tó ga tó òpó iná, ojú ẹ ló ṣì ń wò kó tó mu kóòkì!"

"Jẹ́ kó máa wò ó. Ọjọ́ tí kò bá wò ó mọ́ ni kí o wá bá mi dárò."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì mu kóòkì rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni Kóòṣì Fáṣadé fi kọ́ ọ, kò sì sí ọjọ́ kan tí kò bá a wí. Ohun tí Ayọ̀tọ̀míwá fẹ́ràn jù ni ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní dọ́nkì: kí ènìyàn fò títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi ga ju irin lọ, kí ó sì ti bọ́ọ̀lù bọ inú rẹ̀ láti òkè. Kóòṣì kò ka èyí kún. "Àmì ayò méjì ni. Bí o bá dúró jẹ́ẹ́ nílẹ̀ tí o rọra jù ú, àmì ayò méjì náà ni." Bí ọmọ náà bá sì fò, Kóòṣì kì í wo bọ́ọ̀lù rárá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó máa ń wò. Kọnkéré ni ilẹ̀ pápá wọn, kò sì sí ohun tí wọ́n tẹ́ lé e lórí. "Ẹnikẹ́ni lè gòkè. Fi bí o ṣe máa padà wá sílẹ̀ hàn mí. Ẹsẹ̀ méjèèjì! Tẹ orúnkún! Ṣé o rí i bí o ṣe dà gììrì bí àpò sìmẹ́ǹtì? Padà lọ tún un ṣe."

Ọmọ náà yóò padà lọ tún un ṣe. Bó bá délé, yóò na ẹsẹ̀ sórí àga, yóò sì máa sọ fún ìyá rẹ̀ bí ó ṣe rí. "Màmí, tí mo bá ti wà lókè, mi ò kì í gbọ́ ariwo kankan mọ́. Gbogbo ibẹ̀ á pa rọ́rọ́." Rose yóò bu oúnjẹ kún oúnjẹ rẹ̀.

Ní ọdún tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wọ́n lọ gbá eré kan ní Abẹ́òkúta. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Èkó tó ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ rán ènìyàn wá wò wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n pe Kóòṣì lórí fóònù. Kí ọmọ náà máa bọ̀ lẹ́yìn ọdún Iléyá. Wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ méjì wò ó, bó bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò máa gbé, ibẹ̀ ni yóò ti parí ìwé mẹ́wàá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń mú àwọn tó bá dára lọ sí ilé ẹ̀kọ́ òkè òkun. Nígbà tí Rose gbọ́, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sunkún ayọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ náà fi ń kanlẹ̀kùn pé, "Màmí, ẹ má bẹ̀rù, mi ò tíì lọ."

Ọdún náà gan-an ni Gìwá Ifálọlá wá sílé wọn, tẹ̀rín tẹ̀rín.

"Ìyàwó wa," ni ó wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ Frederick ń pe Rose, "àwọn ọ̀dọ́ ìlú yìí ń sọ pé àwa àgbà nìkan là ń gbádùn Ojúde Ọba, pé iṣẹ́ tiwọn ò ju kí wọ́n dúró sínú oòrùn lọ. A fẹ́ ṣe tiwọn fún wọn lọ́dún yìí, lọ́jọ́ tó ṣáájú Ojúde Ọba. Ìdíje dọ́nkì. Wọ́n ní òun ni wọ́n fẹ́. Ṣé o mọ orúkọ tí a máa kọ sára ife ẹ̀yẹ náà? Frederick Ṣíjúadé."

Rose kúnlẹ̀ dúpẹ́, Gìwá sì gbé e dìde.

"Ọmọ wa á sì fò. Àbí báwo?"

Ayọ̀tọ̀míwá dọ̀bálẹ̀, ó gbé orí sókè, ó wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ṣẹ́jú.

Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ Kóòṣì, ó sì wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Kò jókòó.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé ara ọmọ náà ò yá."

"Kí n purọ́ fún àwọn tó bá mi sin ọkọ mi?"

"Kì í ṣe irọ́, mà. Orúnkún òsì rẹ̀ ń wú. Kò sọ fún yín ni."

Rose wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ń wo ilẹ̀.

"Ṣé ìdíje yìí burú ni, Kóòṣì? Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ mìíràn ti ibi irú rẹ̀ di ènìyàn."

"Kò burú. Èrò ló burú. Nínú eré, ọmọ ń fò torí pé eré béèrè fún un. Níbi ìdíje, èrò ló ń béèrè, èrò kì í sì í yó. Ó fò báyìí, wọ́n á ní ó kéré. Ó fò jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ní kó fò kọjá lórí ènìyàn. Ọmọdé ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún àgbàlagbà pé ó tó."

"Tèmi mọ̀ ọ́n. Mo kọ́ ọ."

"Ẹ̀yin kọ́ ọ láti wojú yín, mà. Ìyẹn yàtọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dun Rose. Ó dìde, ó ní kí Kóòṣì má bínú, pé òun fẹ́ gbé ọbẹ̀ kaná. Àmọ́ Ayọ̀tọ̀míwá sin olùkọ́ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, Rose sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilé ìdáná. "Kóòṣì, ẹ jẹ́ n fò. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Orúkọ Dádì mi ló wà lára ife yẹn." Kóòṣì wí pé, "Bó bá jẹ́ dandan, a ó ṣe é bó ṣe yẹ kí á ṣe é."

Wọ́n sì ṣe é bó ṣe yẹ. Kóòṣì fi omi dídì sí orúnkún náà, ó ní kó sinmi, kó tó jẹ́ kó tún fò. Wọ́n pinnu pé níbi ìpele ìkẹyìn, yóò fò kọjá lórí ẹnì kan tó jókòó sórí àpótí níwájú irin. Olúmidé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, ni wọ́n mú.

"Tó o bá fi bàtà gbá mi lórí, ọlọ́pàá ni n ó fi gbé ẹ."

"Orí ẹ tó rí gọngọ yìí ni ìṣòro wa. Tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jàre!"

"Ẹ̀mí mi ni mo fi wewu báyìí, ẹ ò tiẹ̀ ra búrẹ́dì fún mi."

Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń ṣe é, bàtà rẹ̀ kò kan Olúmidé lórí rí. Rose wá wò wọ́n lọ́jọ́ kan, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ọjọ́ ìdíje pé. Èrò kún pápá ilé ẹ̀kọ́ wọn dé orí ògiri. Àwọn ọmọkùnrin bíi mélòó kan fò, wọ́n sì ń já bọ́ nínú ìdíje náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku Ayọ̀tọ̀míwá àti ọmọ Ṣàgámù kan. Ọmọ Ṣàgámù ṣe tirẹ̀, ó dára. Olúmidé gbé àpótí jáde, ó fi sí ibi tí wọ́n ti sàmì sí, ó jókòó, ó sì fi ọwọ́ bo orí rẹ̀ kí èrò lè rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni Gìwá ti dìde.

Kò sí ẹni tó bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ayọ̀ ló gùn ún. Ó wọ inú pápá pẹ̀lú agbádá rẹ̀, ó na ọwọ́ sí Olúmidé pé, "Dìde, ọmọ. Èmi ni n ó jókòó. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni, èmi ni kó fò." Ariwo tó sọ níbẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ dé ojú títì. Kóòṣì sáré láti ẹ̀gbẹ́ pápá, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣe àmì pé rárá, rárá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ya sáàárín, wọ́n ń fi fóònù ya àwòrán.

Ní ilẹ̀ wa, ọmọ kì í da àgbàlagbà kọjá. Bí àgbà bá sùn sórí ẹní, ọmọ yóò gba ẹ̀yìn orí rẹ̀ yí ká. Bí ó bá na ẹsẹ̀, ọmọ yóò ní kí ó jọ̀ọ́ kí ó ká a kò. Ayọ̀tọ̀míwá lọ bá Gìwá, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí. Olúmidé tó wà nítòsí gbọ́ ọ: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Gìwá fọwọ́ gbá a léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín. "Fò! Mo ti yọ̀ǹda fún ọ. Ta ló máa bá ọ wí?"

Oríṣiríṣi nǹkan ni àwọn ènìyàn ti sọ nípa ohun tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ fìlà Gìwá. Irọ́ ni, fìlà náà kò mira. Wọ́n ní ilẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbẹ. Àwọn mìíràn ní ayé ló ṣe é. Ẹni tó wà níbẹ̀ tó sì la ojú kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Bí ó ṣe rí nìyí. Ayọ̀tọ̀míwá padà sí ibi tó ti fẹ́ sáré. Ó wo inú èrò, ó wá ìyá rẹ̀, ó rí i. Rose kò ṣẹ́jú, kò sì mi orí. Kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Olóore ọkọ rẹ̀ ló jókòó sórí àpótí, gbogbo ìlú ń wò, ara rẹ̀ sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ ní ìṣọ̀kan, ó ń yára sí i, ó ń yára sí i. Ọmọ náà sáré. Nígbà tó kù díẹ̀ kó fò, ó tún ṣíjú sí ibi tí ìyá rẹ̀ wà. Ìgbà yẹn gan-an ni orí Rose mì, díẹ̀ báyìí, bó ṣe máa ń mì í nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré. Kò rò ó. Orí ló mì fúnra rẹ̀.

Ọmọ náà ti fò. Wọ́n rí i bó ṣe yí ara padà lókè, tó yà kúrò lórí Gìwá bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni ó fi kanlẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí ní àwọn gbọ́ bí orúnkún náà ṣe dún.

Gìwá ni ó gbé e jáde ní apá rẹ̀, ọkùnrin àádọ́ta ọdún ó lé, ó ń pe orúkọ Frederick.

Dókítà ní ilé ìwòsàn sọ pé iṣan tó so orúnkún pọ̀ ti já, kì í sì í ṣe ọ̀kan. Ẹgbẹ́ náà gbé e lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọn kò jẹ́ kí Rose ná kọ́bọ̀. Lójoojúmọ́ ni Gìwá ń wá, tí yóò jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ilé ẹ̀kọ́ ti Èkó ní àwọn yóò dúró dè é. Nígbà tó yá, wọn kò pè mọ́, Kóòṣì náà kò sì béèrè.

Ọjọ́ kan ní Ìbàdàn, Rose ń fi aṣọ tútù nu ojú ọmọ rẹ̀. Ó ti ń ro ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ yìí wá, kò sì lè gbé e mọ́.

"Gìwá ti yọ̀ǹda fún ẹ. Kí ló dé tí o ò fi fò ó?"

Kò sí ìbínú ní ojú ọmọ náà rárá.

"Mo rí yín, Màmí."

Rose tún aṣọ náà rẹ sómi, ó fún un, ó sì ń nu ibi tó ti nù tẹ́lẹ̀.

Ayọ̀tọ̀míwá padà sí Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú ọ̀pá méjì, lẹ́yìn náà ọ̀pá kan, lẹ́yìn náà kò lo ọ̀pá mọ́, ṣùgbọ́n ó ń tiro. Ó parí ìwé mẹ́wàá. Kóòṣì pè é pé kó wá máa bá òun kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ó lọ fún ìgbà díẹ̀, ó ń dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń wo ẹsẹ̀ wọn bí Kóòṣì ṣe máa ń wò. Nígbà tó di ọjọ́ kan tí ọmọ kan fò tí gbogbo wọn sì hó yèè, ó gbé ìgò omi rẹ̀, ó lọ sílé, kò padà síbẹ̀ mọ́. Nínú ilé, kò wo ojú ìyá rẹ̀ mọ́. Kò gbójú sókè sí i, kò sì sọ̀rọ̀ burúkú kan sí i. Bí Rose bá gbé oúnjẹ fún un, yóò jẹ ẹ́. Bí kò bá gbé e, kò ní béèrè. Susannah wá kí wọn lọ́jọ́ kan, ó fún un ní kóòkì, ó sì gbà á, ó mu ún, ojú rẹ̀ wà lára fèrèsé. Rose wọ yàrá lọ.

Ní ọdún kejì, àwọn ọ̀dọ́ tún lọ bẹ Gìwá pé kí ẹgbẹ́ ṣe ìdíje náà. Gìwá ní kò ní sí irú rẹ̀ mọ́ níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láàyè, àyàfi bí Rose bá ní kí ó wà. Ó rán Kóòṣì sí i. Kóòṣì jókòó lọ́tẹ̀ yìí.

"Kí ni ẹ̀yin fúnra yín rò?" ni Rose bi í.

"Mi ò mọ̀ mọ́, mà. Wọ́n á fò bí a bá ṣe é, wọ́n á fò bí a ò bá ṣe é. Mo ti rí wọn lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń fò níbi tí ẹnì kankan ò ti ń wo ẹsẹ̀ wọn."

Ẹnu ọ̀nà ni Rose ti dá a lóhùn.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n fò. Kí ẹ̀yin dúró tì wọ́n. Kí àgbàlagbà kankan má wọnú pápá. Àwọn ìyá wọn náà, kí wọ́n dúró sílé."

Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Orúkọ Frederick ṣì wà lára ife náà. Rose kò lọ. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe ìdíje náà ni Ayọ̀tọ̀míwá sọ pé òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó gbé báàgì kan. Kò padà wálé. Ó máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ̀ nígbà mìíràn, pé ara òun le, pé kó má ṣe àníyàn. Nígbà tó yá, nọ́ńbà náà kò lọ mọ́.

Olúmidé ni ó rí i kẹ́yìn, nínú oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá. Ayọ̀tọ̀míwá ń ṣọ́ géètì ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n ń kó àga oníke sí, ní Ọ̀bá-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́, inú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì náà ni ó sì ń gbé.